Ọtí tí kì í tòrò: bí wọ́n ṣe ń pọn burúkútù, pítò àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, àti ọ̀nà tí kò fi ní í tètè bàjẹ́

Bíà inú ìgò ti gba ìgboro Èkó kan, ṣùgbọ́n ní Ajégúnlẹ̀, àwọn èèyàn ṣì wà tó jẹ́ pé igbá ni wọ́n fi ń mu ọtí tiwọn. Ọtí ọ̀hún kò ní ìwé orúkọ lára, kò ní ìdérí onírin, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ́ gaara. Ó rí bí ògì tí wọ́n fi omi là, ó ń kan díẹ̀ lẹ́nu, ìfófòó sì ń yọ lórí rẹ̀. Burúkútù ni. Ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹni tó ń pọn ọn tó rí i gbé síta fún títà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí ọtí náà yóò fi dùn kò ju bíi méjì lọ. Bí kò bá tà láàárín ọjọ́ méjì náà, owó ọkà, owó igi ìdáná àti làálàá ọjọ́ mẹ́wàá ti wọmi nìyẹn. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ bí ọtí kò ṣe ní í tètè bàjẹ́ fi jẹ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ fún ẹni tó ń pọn ọn, tó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera fún ẹni tó ń mu ún.

Bí ọtí oríṣiríṣi ṣe pàdé ní Ajégúnlẹ̀

Ọdún 1926 ni wọ́n parí àwọn ibùdó ọkọ̀ ojú omi ńlá àkọ́kọ́ ní Àpápá. Iṣẹ́ ẹrù, iṣẹ́ ilé ìkẹ́rù-sí àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó tẹ̀ lé e ló fa èrò wá láti ibi gbogbo. Ajégúnlẹ̀, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn, tí kò sì jìnnà sí èbúté náà, ni ọ̀pọ̀ wọn ti rí ilé tí apá wọn ká. Ìlàjẹ àti àwọn ọmọ Yorùbá yòókù, Ìjọ, Urhobo, Ìgbò, Ẹ̀dó àti Haúsá wá di ará ojúlé kan náà.

Kálukú ló mọ ọtí ilé baba rẹ̀. Àwọn Ìlàjẹ àti Ìjọ mọ ògógóró, èyí tí wọ́n ń fi ẹmu ògùrọ̀ sè. Àwọn Ẹ̀dó àti àwọn aládùúgbò wọn mọ pítò. Àwọn ará Àríwá mọ burúkútù. Yorùbá ní tirẹ̀ mọ ẹmu, ó sì mọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí wọ́n ń fi àgbàdo pọn.

Bíà òyìnbó kò kúkú jìnnà sí wọn. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá láti ilẹ̀ òkèèrè tẹ́lẹ̀, kó tó di pé ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1949, ní ilé ìpọntí tó wà ní Ìgànmú, ẹ̀yìn Àpápá níbẹ̀ yẹn. Ní ọdún 1962, Guinness náà dá ilé ìpọntí tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkẹjà. Ọkà báálì tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun ni àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń lò, títí di ọdún 1988 tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó o wọlé. Ọkà bàbà àti àgbàdo ni wọ́n yíjú sí nígbà náà. Wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ọkà bàbà kò kúrò nínú bíà Nàìjíríà mọ́. Ọkà tí ìyá oníburúkútù ń rẹ sómi ní ẹ̀yìnkùlé ni ilé-iṣẹ́ ńlá náà wá ń lò.

Bí wọ́n ṣe ń pọn ọn

Wọn a kọ́kọ́ ṣa ẹ̀gbin àti òkúta kúrò nínú ọkà bàbà, wọn a sì rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a tẹ́ ẹ sórí ẹní tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọn a bò ó, wọn a sì máa wọ́n omi sí i fún bíi ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún títí yóò fi hù. Híhù yìí ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà. Sítáàṣì ló kún inú ọkà gbígbẹ, ìwúkàrà tó ń sọ nǹkan di ọtí kò sì lè jẹ ẹ́. Ìgbà tí ọkà bá ń hù ni èròjà kan máa ń jáde nínú rẹ̀, tí yóò sọ sítáàṣì náà di ṣúgà. Ṣúgà yìí ni oúnjẹ ìwúkàrà.

Lẹ́yìn híhù, wọn a sá ọkà náà sóòrùn fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bó bá ti gbẹ, wọn a fọwọ́ ra á kí èéhù àti gbòǹgbò ara rẹ̀ lè já kúrò, wọn a sì fẹ́ ẹ dànù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fo ìpele yìí, nítorí pé èéhù ọkà bàbà ní èròjà tó lè di oró sáyánáìdì nínú. Ìgbà yìí ni wọ́n tó máa gbé e lọ sí ẹ̀rọ.

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò fún burúkútù ni igbá gàrí kan sí igbá ọkà híhù méjì sí igbá omi mẹ́fà. Wọn a pò ó pọ̀, wọn a fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kó kan, wọn a wá sè é fún bíi wákàtí mẹ́rin. Bó bá ti tutù, wọn a tún fi sílẹ̀ fún bíi ọjọ́ méjì kó gbó. Ọtí tó ń jáde níkẹyìn máa ń kan díẹ̀, ó máa ń ki díẹ̀, agbára rẹ̀ sì máa ń tó bíi ìdá 4 nínú 100, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti bíà inú ìgò.

Pítò kò ní gàrí nínú. Omi ọkà híhù ni wọ́n ń sè pẹ́, tí wọ́n ń sẹ́, tí wọ́n ń jẹ́ kó kan mọ́jú, tí wọ́n sì tún ń sè. Lẹ́yìn náà ni wọn a da díẹ̀ lára gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná sí i, nítorí ibẹ̀ ni ìwúkàrà wà. Ó máa ń fúyẹ́ ju burúkútù lọ, ó sì máa ń dùn díẹ̀. Ní ti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, àgbàdo ni wọ́n ń jẹ́ kó hù dípò ọkà bàbà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀: rẹ ẹ́, jẹ́ kó hù, sá a, lọ̀ ọ́, sè é, jẹ́ kó wú.

Ohun tó ń ba ọtí náà jẹ́

Bíà ilé-iṣẹ́ máa ń mọ́ gaara nítorí pé wọ́n ti sẹ́ ìwúkàrà àti ìyókù ọkà kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n tún máa ń fi ooru tó tó ìwọ̀n 60 pa ohunkóhun tó bá ṣẹ́kù láàyè níbẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé nì, Louis Pasteur, tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí bíà jáde ní ọdún 1876, ló fi yé àwọn apọntí pé kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń ba ọtí wọn jẹ́. Burúkútù kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwúkàrà ṣì wà láàyè nínú rẹ̀, ìyókù sítáàṣì àti ọkà wà níbẹ̀, kò sì sí ohun kíkorò kankan tó ń ṣọ́ ọ. Àbọ́rẹ̀ oúnjẹ ló jẹ́ fún kòkòrò yòówù tó bá já bọ́ sínú rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló ń pa á. Èkíní ni àwọn kòkòrò tó ń mú nǹkan kan. Wọ́n wúlò níbẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn ló fún burúkútù ní adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dúró. Èkejì ni afẹ́fẹ́. Oríṣi kòkòrò kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti rí ọtí àti afẹ́fẹ́ lójú kan, ṣe ni yóò sọ ọtí náà di ọtí kíkan tí wọ́n ń pè ní fínígà. Ẹ̀kẹta ni ooru. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa ń fojú bù ú pé bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i, ìbàjẹ́ a yára tó ìlọ́po méjì. Ọ̀sán Èkó sábà máa ń tó ìwọ̀n 30, nígbà tí inú fíríìjì kò ju bíi 4 lọ. Ẹni tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì ọtí sínú oòrùn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ọjọ́ rẹ̀ kúrú.

Ìṣòro kan náà ní ilẹ̀ òkèèrè

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé àìmọ̀ọ́ṣe àwọn ìyá wa ló fà á tí ọtí tí kì í tòrò fi ń tètè bàjẹ́. Àwọn òyìnbó tó ń pọn ọtí nílé náà ń bá a jà. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn apọntí ìlú Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í fi bíà kan ránṣẹ́ sí Íńdíà. Ìrìn-àjò náà máa ń gba oṣù mélòó kan lórí òkun. Nítorí náà, wọ́n fi òdòdó kíkorò tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀pù kún un lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí pé họ́ọ̀pù kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò tó ń mú nǹkan kan gbilẹ̀. Bíà náà ni wọ́n wá ń pè ní India pale ale.

Lẹ́yìn nǹkan bí igba ọdún, àwọn ará Amẹ́ríkà sọ bíà yìí di nǹkan mìíràn. Nílé ọtí The Alchemist, tí wọ́n ṣí ní ìlú Waterbury ní ìpínlẹ̀ Vermont ní ọdún 2003, wọ́n pọn irú rẹ̀ kan tí wọn kò sẹ́, tó ń ta sánsán bí èso ọsàn. Irú ọtí bẹ́ẹ̀ tàn kálẹ̀, àwọn mìíràn ń fi ọkà óòtì àti wíìtì sí tiwọn, débi pé ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ àwọn apọntí Amẹ́ríkà kà á sí oríṣi bíà kan lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá tó la òkun kọjá bí ọmọ tí kò lè dúró pẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá kan ọtí náà, àwọ̀ rẹ̀ tó pọ́n bí ọsàn a ṣú, òórùn dídùn rẹ̀ a lọ, a sì wá máa rùn bíi páálí tí omi ti rin.

Ohun tí àwọn apọntí ilé ní Amẹ́ríkà ń ṣe sí i kò ju mẹ́ta lọ. Wọ́n máa ń fi afẹ́fẹ́ carbon dioxide lé afẹ́fẹ́ lásán kúrò nínú kẹ́ẹ̀gì kí wọ́n tó rọ ọtí sí i. Wọ́n máa ń rọ ọ́ kún dé ẹnu, wọn a sì gbé e sínú òtútù. Lẹ́yìn náà, wọ́n máa ń mu ún láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá fẹ́ pọn irú rẹ̀ ní Àpápá yóò kojú ìṣòro mìíràn: họ́ọ̀pù kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa, òkè òkun ló ti ń wá, òun náà kò sì fẹ́ ooru àti afẹ́fẹ́. Inú kọ̀ǹténà tó bá jókòó sínú oòrùn èbúté lè gbóná kọjá ìwọ̀n 50. Họ́ọ̀pù tó bá pẹ́ níbẹ̀ ti gbó kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Nàìjíríà ti dán ewúro àti orógbó wò dípò họ́ọ̀pù, nítorí pé àwọn náà korò, wọ́n sì ń dènà àwọn kòkòrò kan.

Ọ̀nà ìtọ́jú

Òfin àkọ́kọ́ ni pé kí apọntí mọ ibi tí iná ti parí iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ kòkòrò tó bá wọ inú ọtí ṣáájú síse ni iná yóò pa. Èyí tó bá wọ ibẹ̀ lẹ́yìn síse, kò sí ohun tí yóò pa á mọ́. Nítorí náà, igbá, asẹ́, ìkòkò àti kẹ́ẹ̀gì tí ọtí sísè bá máa kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀, tí wọ́n sì fi omi gbígbóná ṣàn. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná: ìdọ̀tí ọtí àná tó bá lẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì ni yóò mú ọtí òní kan.

Omi ni èkejì. Ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ rẹlẹ̀, kànga ibẹ̀ kò sì jìn, nítorí náà omi ìdọ̀tí lè tètè dé ibẹ̀. Bí ọtí bá ki jù, omi tí wọ́n ti sè, tó sì ti tutù, ni kí wọ́n fi là á. Kí wọ́n má ṣe bu omi kànga lù ú. Bákan náà ni omi dídì: ara kẹ́ẹ̀gì ni kí ó wà, kó má ṣe wọ inú ọtí, àyàfi bó bá jẹ́ omi tó ṣeé mu ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹ̀kẹta ni ìwúkàrà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó, tó sì dùn, ni kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọtí tó ń bọ̀. Ẹni tó bá lo ti ọtí tó ti kan ti gbin àrùn ọtí àná sínú ti òní.

Ẹ̀kẹrin ni afẹ́fẹ́. Kí wọ́n rọ ọtí náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí wọ́n má ṣe máa dà á láti òkè, kí kẹ́ẹ̀gì sì kún dé ọrùn. Kẹ́ẹ̀gì kéékèèké mẹ́rin sàn ju ńlá kan lọ, nítorí pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí ńlá láti bu ìgò kan ni afẹ́fẹ́ ń wọ inú ìyókù. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe dé e pa. Ìwúkàrà tó wà láàyè ń mí, afẹ́fẹ́ tó ń mí jáde sì lè fọ́ ìgò tàbí kó mú kẹ́ẹ̀gì bẹ́. Kí ìdérí dẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n sì fi aṣọ mímọ́ bò ó nítorí eṣinṣin.

Ìkarùn-ún ni òtútù. Fíríìjì ló dára jù. Níbi tí iná mànàmáná kò bá ti ṣeé gbẹ́kẹ̀lé, kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì sínú agbada omi dídì, ní ibi tí oòrùn kò dé. Ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi àpò tútù wé náà ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n kò lè tutù ní Èkó tó bó ṣe ń tutù ní Àríwá, nítorí pé ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ Èkó.

Àwọn mìíràn máa ń ki ìgò ọtí sínú omi gbígbóná kí ọjọ́ rẹ̀ lè gùn. Àwọn olùṣèwádìí ti gbìyànjú rẹ̀ lórí burúkútù àti pítò, ó sì máa ń pẹ́ sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ooru náà kò bá dé inú rẹ̀ dáadáa, ìwúkàrà ṣì wà láàyè, ìgò tí wọ́n ti dé pa sì lè bú. Iṣẹ́ ẹni tó ní òṣùwọ̀n ooru ni.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú ọtí

Ìdọ̀tí nìkan kọ́ ló léwu. Ọkà tó bá ti hu funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé lára kò dára fún ọtí, nítorí pé oró tó wà nínú irú rẹ̀ kì í kú sínú iná. Kẹ́ẹ̀gì àti dúrọ́ọ̀mù àlòkù náà ńkọ́? Ibi tí èbúté àti ilé-iṣẹ́ bá pọ̀ sí bíi Àpápá ni irú wọn ti máa ń pọ̀, owó wọn sì máa ń wọ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n ti fi gbé kẹ́míkà, epo ọkọ̀ tàbí oògùn apakòkòrò kò yẹ fún ọtí láéláé, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Dúrọ́ọ̀mù onírin pàápàá ní tirẹ̀: ní gúúsù Áfíríkà, àwọn dókítà rí i pé àwọn tó ń mu ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n pọn sínú irin fún ọ̀pọ̀ ọdún ní irin púpọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀ wọn.

Èyí tó burú jù ni àbùlà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ lójú, wọ́n sì ń kú lójijì ní agbègbè Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn kan ní ìbínú òrìṣà ni. Àyẹ̀wò ló wá fi hàn pé methanol ni, oró kan tó jọ ọtí, tó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ọtí sísè lọ́nà ti ògógóró ni ìyẹn, kì í ṣe ọtí pípọn bíi burúkútù, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan gbogbo wọn: ẹni tó bá bu ohun tí kò mọ ìdí rẹ̀ lu ọtí kó lè le sí i tàbí kó lè pẹ́ sí i ń fi ẹ̀mí oníbàárà rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Bí a ṣe ń dá èyí tó ti bàjẹ́ mọ̀

Burúkútù máa ń kan, nítorí náà kíkan nìkan kọ́ ni àmì. Bó bá ń ta ní imú bíi fínígà, bó bá ń yọ̀ bí ilá, bí nǹkan funfun bíi awọ bá bo ojú rẹ̀, tàbí bó bá ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, kí wọ́n dà á nù. Ṣúgà kò lè tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni títún un sè kò lè dá adùn rẹ̀ padà. Bí ọtí sì dùn, ọtí náà ni: kò yẹ fún ọmọdé àti aláboyún, kò sì yẹ fún ẹni tó fẹ́ wakọ̀.

Nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, èyí tó dájú jù kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Kí apọntí pọn ìwọ̀n tí oníbàárà rẹ̀ lè mu tán ní ọjọ́ méjì, kó sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn kí èyí tó tán. Ẹni tó bá ń rẹ ọkà díẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta yóò máa ní ọtí tuntun nígbà gbogbo, àdánù rẹ̀ kò sì ní í ju ìkòkò kan lọ bí ọjà bá kùtà. Ẹni tó bá sì pọn dúrọ́ọ̀mù kan lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé ọdún ń bọ̀, òun ló máa ń wá ohun tí yóò bù lù ú ní ọjọ́ kẹrin.